Ìdajì Ọjọ́ Kan ní Delhi: Ohun tí Mo Rí Ròyìn fún Bàbá Mi

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ẹbí yín ti lọ sí orílẹ̀-èdè Íńdíà rí, kì í ṣe láti lọ gbafẹ́, bí kò ṣe láti lọ tọ́jú ara. Ọ̀nà ilé ìwòsàn Delhi ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá sì ti sin aláìsàn lọ síbẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i pé ìdúró ni ó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò náà: ìdúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìdúró de dókítà, ìdúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ìdajì ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín.

Bàbá mi ni mo sin lọ. Ọkàn wọn ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Àgbà olùkọ́ ilé kéú ni bàbá mi. Kí n tó wọ yunifásítì lọ kọ́ nípa ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn ọba Mùsùlùmí tí ó jẹ ní Delhi. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àyẹ̀wò ni wọn yóò máa ṣe fún wọn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àti pé kò sí iṣẹ́ tí n óò jókòó ṣe níbẹ̀. Bàbá bá wò mí, wọ́n ní, “Àṣàbí, a dé ìlú tí mo fi ìtàn rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni o fẹ́ jókòó sí. Dìde, lọ wò ó. Tí o bá dé, kí o wá sọ ọ́ fún mi, má fi ohunkóhun pa mọ́.” Mo ní, “Bàbá, bí wọ́n bá ń wá mi ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ọlọ́hun tí ó mú wa dé ibí kò sùn.” Mo lọ, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, àyà mi kò balẹ̀.

Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra

Bí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe kó sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn ń pe ènìyàn lójú pópó. Ilé tí a wọ̀ sí ni ó bá mi wá ọkọ̀ àti afinimọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu yín kò lórí nǹkan mẹ́ta kí ọkọ̀ tó ṣí: iye owó, iye wákàtí, àti àwọn ibi tí ẹ óò dé. Ẹ rántí pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti Odi Pupa, àti pé ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí àlejò ń fi ìrọ̀rùn wo mọ́sálásí ńlá. Owó ìwọlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì ju ti ọmọ ilẹ̀ wọn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe bá afinimọ̀nà yín jà lórí ìyẹn; ìjọba ni ó fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè jáde, nítorí ooru Delhi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa kọjá ìwọ̀n 40, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wọn kò sì kéré sí ti Èkó.

Afinimọ̀nà wa jẹ́ bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ọmọ bíbí Delhi àtijọ́. Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní òun mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí pé Ibn Battuta dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni. Ọdún 1334 ni arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò náà dé Delhi, tí ọba Muhammad bin Tughluq fi í jẹ adájọ́ níbẹ̀. Ọdún 1352 ni ó sì gba inú aṣálẹ̀ wá sí ilẹ̀ Mali. Mo fi ìyẹn sọ́kàn fún bàbá mi.

Mọ́sálásí tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a dé Jama Masjid. Ọba Shah Jahan, ẹni kan náà tí ó kọ́ Taj Mahal sí ìlú Agra, ni ó kọ́ ọ. Ọdún 1650 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 1656 ni wọ́n parí rẹ̀. Orí òkè kékeré kan ni wọ́n gbé e kà, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà yòówù kí ènìyàn gbà, àtẹ̀gùn tí ó ju 30 lọ ni yóò gùn. Òkúta pupa ni ara rẹ̀, òkúta funfun ni òrùlé rìbìtì mẹ́ta tí ó wà lórí rẹ̀, ilé ìpèrun méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí mítà 40 sì dúró bí ẹ̀ṣọ́ sí ọ̀tún àti òsì. Nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni àgbàlá rẹ̀ lè gbà. Ọba pe Lèmọ́mù àkọ́kọ́ láti ìlú Bukhara, láti ìgbà náà sì ni àwọn Lèmọ́mù rẹ̀ ti ń ti inú ìdílé kan ṣoṣo yẹn jáde.

A bọ́ bàtà, mo ṣe àlùwàlá níbi odò àtọwọ́dá tí ó wà láàárín àgbàlá, mo sì fẹ́ kí rákà méjì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí ó pa afinimọ̀nà wa lẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni ara mi ti mọ̀ ọ́n pé bí oòrùn òwúrọ̀ bá ń tàn, òun ni a óò dojú kọ kírun. Mo bá kọjú sí oòrùn, mo fẹ́ kábárà. Bàbá náà rọra wúkọ́, ó ní, “Arábìnrin mi, Mẹ́kà wà lẹ́yìn rẹ.” Mo yí padà. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò: àwa ń wo ìlà-oòrùn, àwọn ń wo ìwọ̀-oòrùn, ilé kan náà ni a jọ ń wò. Mo ti ka èyí nínú ìwé, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ óò tún rí ìyàtọ̀ mìíràn. Ọ̀nà Imam Abu Hanifa ni ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń tọ̀, nígbà tí àwọn àgbà tiwa ń tọ ọ̀nà Imam Malik. Ìrun Alaasari wọn máa ń pẹ́ ju tiwa lọ, wọn kì í sì í ké Àámín sókè. Bí àwọn ọmọ yín bá wà pẹ̀lú yín, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ẹni tí ó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì.

Afinimọ̀nà wa sọ ohun kan fún mi nínú àgbàlá náà tí ó dùn mí. Lẹ́yìn ogun ọdún 1857, nígbà tí àwọn ọmọ Íńdíà dìde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò sì borí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba mọ́sálásí náà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ọdún 1862 ni wọ́n tó dá a padà. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìpè ìrun tí ó ti orí àwọn ilé gíga wọ̀nyẹn jáde. Mo wo àwọn ẹyẹlé tí wọ́n ń mu omi níbi tí mo ti ṣe àlùwàlá, mo sì ṣe àdúrà fún bàbá mi nínú ìforíkanlẹ̀, ó pẹ́ kí n tó gbé orí sókè.

Òpópónà ọmọbìnrin ọba

Láti ibẹ̀ a gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó kún ìgboro wa náà wà níbẹ̀, ó ṣe tán ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú tiwa ti wá, ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 tí wọ́n ti tún Chandni Chowk ṣe, ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ aláfẹsẹ̀wà ni wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀ fún ní ojúmọmọ.

Mo bi afinimọ̀nà wa pé ta ni ó la ọjà yìí. Ó ní obìnrin ni. Jahanara, àkọ́bí ọmọbìnrin Shah Jahan tí ó dàgbà, ni ó fi owó ara rẹ̀ la òpópónà náà ní nǹkan bí ọdún 1650. Nígbà náà, omi ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí òṣùpá bá yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a hàn nínú omi náà, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí gbàgede òṣùpá. Jahanara tún kọ́ ilé àwọn èrò síbẹ̀ kí àwọn oníṣòwò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè rí ibi sùn. Omi ti gbẹ, wọ́n sì ti wó ilé èrò náà, ṣùgbọ́n ọjà kò tú. Ní òpópónà kan ṣoṣo yìí, mo ka ilé ìsìn àwọn Jain, ti àwọn Híńdù, ti àwọn Sikh, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn onítẹ̀bọmi àti mọ́sálásí. Kò jìnnà sí ara wọn ju bí ilé ṣe ń jìnnà sí ilé ní àdúgbò wa lọ.

Ẹ̀yin ìyá, bí ó bá jẹ́ aṣọ ọ̀ṣọ́ ni ẹ fẹ́ rà, inú àwọn ọ̀nà tóóró tí ó yà kúrò lára òpópónà náà ni ó wà. Ẹ ná ọjà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í tíì ṣí ní òwúrọ̀, nítorí náà ẹ lè fi ọjà sí ọjọ́ mìíràn.

Odi Pupa

Ní ìparí òpópónà ni Odi Pupa wà, tí òkúta pupa yí i ká fún nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀. Ààfin Shah Jahan ni. Ọdún 1639 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún 1648 ni ọba kó wọ inú rẹ̀. Àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2007. Níbẹ̀ ni ìjókòó ọba tí wọ́n fi wúrà àti òkúta iyebíye ṣe wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ ọ̀kín sí lára. Ní ọdún 1739, Nadir Shah ọba Páṣíà ṣígun wọ Delhi, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì gbé ìjókòó náà lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé inú ààfin náà lẹ́yìn ọdún 1857, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di bárékè àwọn ọmọ ogun. Lónìí, níbẹ̀ ni olórí ìjọba Íńdíà ti ń fa àsíá orílẹ̀-èdè náà sókè ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ọdọọdún.

Shah Jahan tí ó kọ́ gbogbo èyí kò lo ààfin náà pẹ́. Ní ọdún 1657 ó ṣàìsàn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí oyè nígbà tí bàbá wọn ṣì wà láàyè. Aurangzeb ni ó borí. Ó pa Dara Shikoh, àkọ́bí ọkùnrin, ní ọdún 1659, ó sì ti bàbá wọn mọ́ inú odi Agra láti ọdún 1658. Ọdún mẹ́jọ ni bàbá náà lò ní àhámọ́ kí ó tó kú ní ọdún 1666. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, Jahanara, ẹni tí ó la ọjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ni ó fi ààfin sílẹ̀ tí ó sì lọ bá a gbé nínú àhámọ́, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí afinimọ̀nà wa sọ èyí, mo wo fóònù mi. Ilé ìwòsàn kò tíì pè.

Ibojì Humayun

Ọkọ̀ gbé wa lọ sí ìhà gúúsù, sí ibojì Humayun, baba bàbá bàbá Shah Jahan. Ìtàn sọ pé orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé rẹ̀ ni Humayun wà ní ọdún 1556 nígbà tí ó gbọ́ ìpè ìrun. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún ìpè náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ aṣọ, ó ré bọ́, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọgbà tí wọ́n sin ín sí tẹ́jú, omi ń ṣàn nínú rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, ilé orí ibojì náà sì ni wọ́n wò kọ́ Taj Mahal ní nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìdílé ọba tí wọ́n sin sínú àti àyíká rẹ̀ ju 100 lọ.

Níbẹ̀ náà ni ìjọba wọn parí sí. Ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1857, Bahadur Shah Zafar, ọba tí ó kẹ́yìn nínú wọn, arúgbó tí ó ti lé ní 80 ọdún, sá wá sí ibojì baba ńlá rẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un. Wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ nínú Odi Pupa, inú ààfin tirẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí Rangoon ní ilẹ̀ Bọ́mà, ilẹ̀ kan náà tí àwọn bàbá wa lọ jagun nígbà ogun Hitler. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1862.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó dán mọ́rán. Bí a ti ń jáde, awakọ̀ wa yà sí ṣọ́ọ̀bù onírọ́ọ̀gì kan, ó ní kí n kàn fi ìṣẹ́jú márùn-ún wò ó. Wọ́n gbé tíì kalẹ̀, wọ́n ń tú rọ́ọ̀gì lé rọ́ọ̀gì, wọ́n sì ń wojú mi bí ẹni pé mo ti jẹ wọ́n lówó. Ìdajì wákàtí ni ó bá a lọ. Mo dìde níkẹyìn, mo ní, “Bàbá mi wà nílé ìwòsàn, n kò wá ra rọ́ọ̀gì.” Ojú ti afinimọ̀nà wa. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ kò yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan, nítorí pé owó ọ̀yà máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá mú àlejò wá.

Koríko lórí ibojì

Ó ku ibì kan. Ìrun Àsùhúrì ti fẹ́ẹ̀ tó, a sì sún mọ́ àdúgbò Nizamuddin tí ó kọjú sí ibojì Humayun. Ibojì wòlíì Nizamuddin Auliya, tí ó kú ní ọdún 1325, ni èrò ń wọ́ lọ bá. Mo rí àwọn tí ń da òdòdó síbẹ̀, mo sì rí àwọn tí ń tọrọ. Ẹ̀yin ará mi, ẹ mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yọ̀ǹda kí a bẹ ibojì wò kí a lè rántí ọjọ́ Ìkẹyìn; Ọlọ́hun nìkan ni a ń tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo kí àwọn ará ibojì, mo ṣe àdúrà fún wọn, mo sì kọjá.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni afinimọ̀nà wa mú mi lọ, sí ibi tí wọ́n fi òkúta funfun oníhò wẹẹrẹ sé ká. Ó ní, “Wò ó.” Mo wo inú rẹ̀. Ibojì kan wà níbẹ̀ tí kò ní òrùlé. Àárín òkúta tí ó wà lórí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, erùpẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, koríko sì hù sórí erùpẹ̀ náà. Mo ní, “Ta ni?” Ó ní, “Jahanara ni.” Ọdún 1681 ni ó kú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pa á láṣẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sára òkúta ibojì náà, pé kí wọ́n má ṣe fi nǹkan mìíràn bo ibojì òun ju ewéko lọ. Ọmọ ẹni tí ó kọ́ Taj Mahal ni o.

Mo kí Àsùhúrì nínú mọ́sálásí tí ó wà níbẹ̀, a sì padà.

Ìròyìn

Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń retí mi. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe kẹ́yìn sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kí n tún ti Ibn Battuta sọ. Nígbà tí mo dé orí Jahanara àti ọdún mẹ́jọ tí ó fi tọ́jú bàbá rẹ̀, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè pé, “Koríko nìkan?” Mo ní, “Koríko nìkan, Bàbá.” Wọ́n ní, “Àṣàbí, sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí Ọlọ́hun bá pè mí lọ́la, kí wọ́n má ṣe kọ́ ilé lé mi lórí. Owó tí wọ́n bá fẹ́ ná sí i, kí wọ́n fi tún òrùlé ilé kéú ṣe.” N kò lè dáhùn. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

Àlùhámúdù lílàhì, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Bàbá ti padà sílé, wọ́n sì ti padà sídìí wàláà àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n a kò dúró de ọjọ́ ikú kí a tó ṣe ohun tí wọ́n wí: a ti tún òrùlé ilé kéú náà ṣe, bàbá sì ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá sin òbí yín lọ sí ìlú òkèèrè, tí ọwọ́ yín sì dilẹ̀ fún ìdajì ọjọ́, tí àwọn dókítà sì gbà yín láàyè, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti jáde lọ wo ilẹ̀ Ọlọ́hun. Ẹ lọ, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì tètè padà wá ròyìn fún ẹni tí kò lè dìde. Ìròyìn náà wà lára ìtọ́jú. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó kẹ́ àwọn òbí wa tí ó ti lọ, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí wa tọ́jú. Àámín.